Galileo àti Ìlà Tó Tẹ́jú

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ya gíráàfù ìyára ọkọ̀ sójú pátákó, ìlà rẹ̀ tẹ́jú lókè, mo ní ọkọ̀ ti dúró. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn Galileo.

Ìlú Pisa ní Ítálì ni wọ́n bí i sí ní 1564. Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n ní kó kọ́, ó pa á tì, ó gba ìṣirò lọ. Kò ní aago tó lè ka ìṣẹ́jú àáyá, ló bá ń yí bọ́ọ̀lù idẹ lórí pákó tó dagẹ̀rẹ̀, ó ń fi omi tó ń ṣàn wọn àsìkò. Ó rí i pé bí àsìkò bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù rìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i déédéé nìyẹn, torí ipá kan ń fà á: ìlà tó ń gòkè lórí gíráàfù wa. Níbi tí ìlà bá ti tẹ́jú, ipá tó ń ti ọkọ̀ àti èyí tó ń fà á sẹ́yìn ti dọ́gba, bíi bọ́ọ̀sì tó ti gbéra tán lójú ọ̀nà Kubwa. Ó ṣì ń sáré o!

Ní 1633, ìjọ Kátólíìkì dá a lẹ́bi torí ó ní ayé ló ń yí oòrùn po. Wọ́n há a mọ́lé, ibẹ̀ lojú rẹ̀ fọ́ sí. Síbẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí bí nǹkan ṣe ń rìn jáde ní 1638. Ó kú ní 1642.

Ẹ̀rín kíláàsì lásán ló fẹ́ mú mi sá fún Físíìsì. Mo ti padà. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà tó tẹ́jú, ẹ má ṣe bíi tèmi o.