John Boyle O'Reilly: Ẹlẹ́wọ̀n Tí Kò Gbàgbé Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da ilẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ ìgbésí-ayé John Boyle O'Reilly, ọmọ Ireland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dè ní ẹ̀wọ̀n lọ sí ilẹ̀ Ọsirélíà ní ọdún 1867. Ìbúra méjì ni ọkùnrin yìí ṣe, èkíní sì tako èkejì. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí kí a tó pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1844 ni a bí i ní Dowth, nítòsí ìlú Drogheda. Olùkọ́ ilé-ìwé ni bàbá rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Ireland wà nígbà náà. Ní ọdún 1845 àrùn kọlu ọ̀dùnkún, èyí tí í ṣe oúnjẹ àwọn tálákà, ìyàn sì mú títí di nǹkan bí ọdún 1852. Nǹkan bí 1,000,000 ènìyàn ni ó kú, bẹ́ẹ̀ sì ni àìmọye ènìyàn fi ilé sílẹ̀ lọ sí òkè-òkun. Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú-omi kò yé kó oúnjẹ jáde láti Ireland lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó bá dàgbà sí àárín irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìmọ ohun tí ń dun àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni O'Reilly nígbà tí ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ní Drogheda. Ní ọdún 1859 ó lọ sí Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń bá ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1863 ó padà sílé, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, ó sì búra láti sin Ọbabìnrin Victoria. Ìbúra èkíní nìyẹn. Ní ọdún 1865 John Devoy fa á wọ ẹgbẹ́ Fenian, àwọn tí ó mulẹ̀ pé àwọn yóò gba òmìnira fún Ireland. Ìbúra èkejì nìyí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kí ó máa fa àwọn ọmọ Ireland tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ náà. Àṣírí tú, wọ́n sì mú un ní oṣù Kejì ọdún 1866. Ilé-ẹjọ́ àwọn ológun dájọ́ ikú fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni.

Wọ́n ti í mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan Millbank àti Dartmoor. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Hougoumont. Láti ọdún 1788 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Ọsirélíà, iye wọn sì lé ní 160,000. Ọkọ̀ yìí ni ó kẹ́yìn gbogbo wọn. Nǹkan bí 280 ẹlẹ́wọ̀n ni ó kó, 62 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Fenian. Lójú agbami, àwọn wọ̀nyí ń fi ọwọ́ kọ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n pè ní The Wild Goose. O'Reilly wà lára àwọn tí ń kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀méje ni ó jáde.

Oṣù Kìíní ọdún 1868 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Fremantle. Orúkọ di nọ́ńbà, 9843. Wọ́n rán an lọ sí agbègbè Bunbury láti la ọ̀nà nínú igbó. Ìrètí pin débi pé ní oṣù Kejìlá ọdún náà ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i lásìkò.

Ẹni tí ó wá bá a gbèrò ni Fadá Patrick McCabe, àlùfáà Àgùdà tí í máa bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1869, O'Reilly wọ bàtà ọmọlúàbí ìlú, nítorí pé ipasẹ̀ bàtà ẹlẹ́wọ̀n kò ṣòro láti tọ̀, ó sì sá. Ọkọ̀ Vigilant tí ó yẹ kí ó gbé e kọjá láìrí i. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi sá pamọ́ létíkun kí Gazelle, ọkọ̀ àwọn apẹja àbùùbùtán ti Amẹ́ríkà, tó gbé e. Ẹlẹ́wọ̀n kan tí ń jẹ́ Martin Bowman ti gbọ́ nípa ètò náà, ó sì halẹ̀ títí wọ́n fi mú òun náà dání.

Nígbà tí ọkọ̀ dé erékùṣù Rodrigues, tí í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláṣẹ wá ẹlẹ́wọ̀n tí ó sá, wọ́n sì mú Bowman. Gbogbo wọn mọ̀ pé yóò jẹ́wọ́. Ní òru ọjọ́ náà, Henry Hathaway, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀, fi O'Reilly pamọ́, ó ju òkúta ńlá tí wọ́n fi ń pọ́n irin sínú omi, ó sì kígbe pé ènìyàn ti já sókun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àsíá ti wà ní ìdajì òpó. Àwọn aláṣẹ gbà pé ó ti kú, wọ́n sì padà. Ó tún wọ ọkọ̀ méjì mìíràn kí ó tó dé Philadelphia ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1869.

Ó tẹ̀dó sí Boston, ó di olóòtú ìwé ìròyìn The Pilot. Ó gbéyàwó ní ọdún 1872, ó bí ọmọbìnrin mẹ́rin. Ó kọ ewì, ó sì kọ Moondyne, ìtàn àròsọ nípa ẹlẹ́wọ̀n ní Ọsirélíà. Ìgbà ti tù ú lára. Ṣùgbọ́n ìjọba ti dárí ji àwọn Fenian tí kì í ṣe ológun ní ọdún 1869 àti 1871. Àwọn tí ó ti jẹ́ ọmọ ogun kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà, nítorí ìbúra wọn sí Ọbabìnrin. Nígbà tí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn dé ọwọ́ Devoy ní New York, O'Reilly dámọ̀ràn pé kí wọ́n lo ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán, ó sì darí wọn sí Hathaway ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní New Bedford. Ọkọ̀ Catalpa ni wọ́n rà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1876, mẹ́fà nínú àwọn Fenian náà sá kúrò ní Fremantle. Ọkọ̀ ìjọba lé wọn bá lójú òkun, ṣùgbọ́n Ọ̀gákọ̀ George Anthony nawọ́ sí àsíá Amẹ́ríkà tí ń fẹ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n dé New York.

Kò mọ sí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan. Nínú The Pilot ni ó ti ń gbèjà àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Ireland ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀wọ̀n ìrántí Crispus Attucks, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa ní Boston ní ọdún 1770, O'Reilly ni ó kọ ewì fún ayẹyẹ náà ní ọdún 1888.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1890 ni ó kú ní Hull, lẹ́yìn tí ó lo oògùn oorun ìyàwó rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Boston ní ọdún 1896.

Ó ha dalẹ̀ bí? Bí a bá fi ìbúra èkíní wọ̀n ọ́n, kò sí àwáwí: ó búra fún Ọbabìnrin, kò sì mú un ṣẹ. Èmi kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìmùlẹ̀ tí ẹni tí ń jọba lórí ilẹ̀ onílẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ kò wúwo tó èyí tí ọmọ onílẹ̀ bá ará ilé rẹ̀ ṣe. Ìbúra kejì yìí ni O'Reilly kò dà. Ó bọ́ nínú ẹ̀wọ̀n, ó rí iṣẹ́, ó rí ilé, síbẹ̀ kò sinmi títí ọ̀nà tí òun gbà jáde fi di ọ̀nà fún àwọn mìíràn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹbí àti ará àdúgbò pawọ́ pọ̀ rán wá sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí. Ibi tí a bá fi ojú sí nígbà tí ọ̀nà bá là fún wa ni a ó fi mọ irú ẹni tí a jẹ́.