Pavel Tretyakov: Oníṣòwò aṣọ tó kó àwòrán ilẹ̀ Rọ́ṣíà jọ fún gbogbo ìlú

Ọdún 1832 ni wọ́n bí Pavel Tretyakov nílùú Moscow, sínú ìdílé oníṣòwò. Òun àti Sergei, àbúrò rẹ̀, ló jogún òwò aṣọ ọ̀gbọ̀ ìdílé wọn, wọ́n sì mú un gbòòrò dé ilé iṣẹ́ ńlá kan nílùú Kostroma.

Láyé ìgbà náà, àwòrán láti ilẹ̀ Faransé àti Ítálì ni ọ̀pọ̀ olówó Rọ́ṣíà fẹ́ràn. Tretyakov ya ọ̀nà tirẹ̀. Láti ọdún 1856 ló ti ń ra iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọdún 27 péré ni nígbà tó ṣe ìwé ìhágún lọ́dún 1860, kò sì tíì gbéyàwó. Nínú rẹ̀, ó ya owó sọ́tọ̀ fún dídá ilé àfihàn àwòrán sílẹ̀ ní Moscow, èyí tí tolówó tìtálákà yóò lè wọ̀.

Ó máa ń lọ bá àwọn ayàwòrán níbi iṣẹ́ wọn, kó lè tètè ra èyí tó dára. Òun ló ní kí Perov ya Dostoevsky lọ́dún 1872, kí Kramskoi sì ya Tolstoy lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Wàhálà dé lọ́dún 1885. Ó ra àwòrán tí Repin fi hàn bí Ọba Ivan ṣe gbá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní àlùpa mọ́ra. Inú bí Ọba Alexander Kẹta, wọ́n sì pàṣẹ pé Tretyakov kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Ó gbé e pamọ́, kò sì tà á. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Lọ́dún 1887, ikú mú Ivan, ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Sergei náà kú lọ́dún 1892. Lọ́dún yẹn gan-an ni Tretyakov fi gbogbo àwòrán náà, tó lé ní 1,200, ta ìlú Moscow lọ́rẹ, pẹ̀lú èyí tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi sọ ilé náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó o títí tó fi kú lọ́dún 1898.

Lọ́dún 1918, ìjọba Lenin sọ ilé náà di ti ìjọba. Wọ́n gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò nígbà náà, àmọ́ orúkọ Tretyakov ṣì wà lára ilé àwòrán yìí dòní.