Bill France: Mẹkáníìkì Tó Pín Ọkọ̀ sí Ìsọ̀rí

Lójú ògiri yìí, ìtàn olóṣèlú àti ti olórin la máa ń kà jù. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú mẹkáníìkì kan wá: William France, tí wọ́n ń pè ní Big Bill nítorí pé ó ga fíofío. Òun ló dá NASCAR, ẹgbẹ́ eré-ìje ọkọ̀, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe eré sísá ló mú mi fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ pé ta ló yẹ kó bá ta díje ni.

Wọ́n bí i ní 1909 ní Washington. Ní 1934, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Daytona Beach ní Florida, ó sì ń tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀. Yanrìn etí òkun ibẹ̀ le dáadáa, orí rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dán ọkọ̀ tó yára jù láyé wò. Nígbà tó di 1935, wọ́n gbé ìdánwò yẹn lọ sí Utah. Àwọn ará Daytona wá wá nǹkan mìíràn ṣe: ní 1936 wọ́n ṣètò ìdíje fún ọkọ̀ lásán, irú èyí tí èèyàn ń gbé lọ sọ́jà. France sá a, ó ṣe ipò karùn-ún. Ìlú pàdánù owó nínú rẹ̀ gan-an. Nígbà tó yá, France fúnra rẹ̀ gba ètò náà ṣe.

Nígbà náà, kálukú ló ń ṣe òfin tirẹ̀. Àwọn kan tó ń ṣètò ìdíje á gbowó lọ́wọ́ èrò ìwòran tán, wọ́n á pòórá kí awakọ̀ tó gba ẹ̀bùn. Ní December 1947, France pe àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì jọ sí òtẹ́ẹ̀lì Streamline ní Daytona. Ní February 1948, NASCAR fìdí múlẹ̀. Wọ́n pín ọkọ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Modified ni ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kó lè sáré sí i. Roadster ni èyí tí kò ní òrùlé. Strictly Stock ni ọkọ̀ tuntun tó gbọ́dọ̀ wà bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde. Ìkẹta yìí ní láti dúró díẹ̀, torí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọkọ̀ tuntun sì wọ́n bí ojú.

Ẹni tó bá ti wo íńtá-háòsì rí mọ ìdí tí ìsọ̀rí fi wà. Bí ẹ̀gbọ́n tó ti ń fá irùngbọ̀n bá bá ọmọ JSS1 sá mítà 100, kí la tún fẹ́ wò níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀.

June 19, 1949 ni Strictly Stock bẹ̀rẹ̀, ní Charlotte, lórí ọ̀nà eléruku. Ọkọ̀ 33 ló jáde. Glenn Dunaway ló kọ́kọ́ dé, inú Ford ọdún 1947 ló wà, ìyípo 3 ló sì fi ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀bùn ipò kìíní jẹ́ 2,000 dọ́là. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti yí sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ọgbọ́n àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ògógóró sá fún ọlọ́pàá ni: ẹrù ò ní tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á sì dúró gbọingbọin ní kọ́nà. Wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ Dunaway, wọ́n gbé e fún Jim Roper tó wa Lincoln. Hubert Westmoreland tó ni Ford náà pẹjọ́, ó ń béèrè 10,000 dọ́là. Ilé-ẹjọ́ dá NASCAR láre. Ní tèmi, àánú Dunaway ṣe mí díẹ̀, torí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ká ní France gbójú fò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ta ni ì bá tún tẹ̀ lé òfin?

Àwọn tí kì í fi eré-ìje ọkọ̀ jẹun náà ń lo irú òfin yìí. Ẹgbẹ́ SCCA, tí kì í ṣe ti France, ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní autocross. Wọ́n á to kóònù sórí ilẹ̀ gbalasa, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sá a, aago ni wọ́n ń bá díje. Kóònù kan tó bá wó, ìṣẹ́jú-àáyá 2 lórí àkókò ẹ nìyẹn. Ìsọ̀rí Stock wọn, tó ti di Street báyìí, gbà kí èèyàn pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti bíréèkì-páàdì. Sípíríǹgì ńkọ́? Rárá o. Ohun tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lè má dọ́gba síbẹ̀. Corvette ti ilé-iṣẹ́ jáde, ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ náà ti ilé-iṣẹ́ jáde, àmọ́ agbára wọn kò papọ̀. Ni wọ́n bá tún pín Street fúnra rẹ̀ láti Super Street, tó yára jù, sí A, títí dé H.

Ká padà sọ́dọ̀ France. Agbára rẹ̀ pọ̀ sí i. Ní 1959 ó ṣí pápá Daytona ńlá. Ní 1961 ó lé Curtis Turner àti Tim Flock títí ayé nítorí pé wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀. 1965 ló tó gba Turner padà. Ó ká mi lára pé ẹni tó lè rí sípíríǹgì lábẹ́ ọkọ̀ kò fẹ́ kí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní ohùn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Wendell Scott, awakọ̀ aláwọ̀ dúdú láti Danville ní Virginia, tó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. December 1, 1963, ní Jacksonville, ó fi ìyípo 2 borí gbogbo wọn. Buck Baker, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n kéde, òun ni wọ́n sì gbé ife fún níwájú èrò. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí èrò ti tú ká, wọ́n wá gbà pé Scott ló gbégbá orókè, wọ́n ní àṣìṣe ìṣírò ni. France ni ọ̀gá NASCAR nígbà náà.

Ní 1972 France fa ipò náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kú ní June 1992. Scott ti kú ṣáájú rẹ̀, ní 1990. August 2021 ni NASCAR tó gbé ife Jacksonville fún àwọn ẹbí rẹ̀, ní pápá Daytona tí France kọ́.