Madam C. J. Walker: Alágbàfọ̀ tí ó kọ́ àwọn obìnrin ní ìtọ́jú irun

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1867, a bí ọmọbìnrin kan ní abúlé Delta, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Sarah Breedlove ni orúkọ rẹ̀. Owen ni bàbá rẹ̀, Minerva sì ni ìyá rẹ̀. Ẹrú ni àwọn méjèèjì jẹ́ rí ní oko òwú kan tí ó wà létí odò Mississippi. Ọdún méjì péré ṣáájú ìbí ọmọ náà ni òfin fi òpin sí ìmúnilẹ́rú ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Sarah ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí rẹ̀ tí a bí ní òmìnira. Ṣùgbọ́n òmìnira yẹn kò lé ìṣẹ́ lọ. Oko òwú kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé, òwú kan náà ni wọ́n ṣì ń ká.

Kí Sarah tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ sì kú pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò sẹ́yìn. Egbò ẹ̀yìn ni Sarah sì fi bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Louvenia, mú un lọ sí ìlú Vicksburg, ní òdìkejì odò náà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí rorò sí i púpọ̀. Nígbà tí Sarah pé ọmọ ọdún 14, ó lọ sílé ọkọ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Moses McWilliams ni orúkọ ọkọ náà. Ní ọdún 1885, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sì pè é ní Lelia. Lẹ́yìn ọdún méjì, Moses kú. Sarah di opó nígbà tí kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ, ọmọ kékeré sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Irun tí ń re

Àwọn ẹ̀gbọ́n Sarah ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ní ìlú St. Louis. Ó kó lọ bá wọn níbẹ̀, ó sì ń fọ aṣọ fún olówó. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó fi ń dúró ti omi gbígbóná àti ọṣẹ líle. Owó tí ó ń rí lóòjọ́ kò ju nǹkan bí dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ. Nínú owó yìí ni ó ti ń bọ́ ọmọ, inú rẹ̀ náà ni ó sì ti ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí Lelia lè lọ sí ilé-ìwé.

Ní àkókò yìí ni irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re. Awọ orí ń yún un, ó ń bó, irun sì ń já kúrò lójú kan dé òmíràn, títí ibì kan fi pá ní orí rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú ní ń jìyà bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Omi ẹ̀rọ kò sí nínú ilé àwọn tálákà, nítorí náà wọn kì í fọ orí déédéé, pàápàá ní ìgbà òtútù. Ọṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ wọn le ju ohun tí awọ orí lè gbà lọ. Oúnjẹ kò tó, àníyàn sì pọ̀. Egbò àti ìdọ̀tí dí awọ orí, irun kò sì rí ibi tí ó dára hù.

Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́ fún Sarah. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní St. Louis, ó ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n kàwé, tí wọ́n múra dáadáa, tí irun wọn sì dára. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì gbà á níyànjú. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti mọ̀ pé ẹni tí ó ń fọ aṣọ lónìí lè di nǹkan mìíràn lọ́la.

Ìpara inú agolo

Ní ìlú St. Louis, obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn wà tí ń ṣe oògùn irun tà. Annie Turnbo ni orúkọ rẹ̀. Sarah lo oògùn náà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá a tà á. Ní ọdún 1905, ó kó lọ sí ìlú Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ó ń se oúnjẹ fún olówó, ó sì ń ta oògùn irun. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í po ìpara tirẹ̀. Ọ̀rá bíi fasilíìnì àti imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Imí-ọjọ́ yìí ní ń wo awọ orí tí ó ń yún tí ó sì ń bó.

Ìtàn tí Sarah fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé, lójú àlá, ọkùnrin dúdú kan fi ohun tí òun yóò pò hàn òun, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ni díẹ̀ nínú àwọn èròjà náà ti wá. Annie Turnbo kò gba ìtàn yìí. Ó fẹ̀sùn kàn án pé ó wo iṣẹ́ òun ṣe ni. Ìjà òwò àwọn obìnrin méjèèjì pẹ́ gan-an. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ti ń fi imí-ọjọ́ wo awọ orí ṣáájú àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 1906, Sarah fẹ́ Charles Joseph Walker, ọkùnrin kan tí ó mọ bí a ti ń polówó ọjà nínú ìwé ìròyìn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ́ Madam C. J. Walker. Orúkọ yìí ni ó kọ sára agolo ìpara rẹ̀, ó sì ya àwòrán ojú ara rẹ̀ sí i. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, láti ilé dé ilé, ó ń fọ orí àwọn obìnrin lójú wọn kí wọ́n lè rí bí ó ti ń ṣe é.

Ọ̀nà Walker àti òòyà gbígbóná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Madam Walker ni ó dá òòyà gbígbóná sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé, Marcel Grateau ti ń fi irin gbígbóná dá irun obìnrin lára ní nǹkan bí ọdún 1872, nígbà tí Sarah ṣì jẹ́ ọmọdé nínú oko òwú. Òòyà onírin tí a ń ná síná wà ní ọjà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ òwò. Ohun tí Madam Walker ṣe ni pé ó fi òòyà náà sí ìkẹyìn iṣẹ́, lẹ́yìn ìtọ́jú. Kò sì fẹ́ kí a máa pe òun ní ẹni tí ń na irun. Olùtọ́jú irun ni ó ń pe ara rẹ̀.

Ètò rẹ̀ ni èyí. Àkọ́kọ́, a ó fọ orí dáadáa. Èkejì, a ó fi ìpara pa awọ orí, a ó sì rà á wọlé. Lẹ́yìn náà ni a ó fi òróró díẹ̀ pa irun, kí a tó fi òòyà gbígbóná tí eyín rẹ̀ jìnnà síra kọjá lára rẹ̀.

Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí. Iná máa ń na irun fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí omi tàbí òógùn bá ti kàn án, yóò padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Irun tí ó ká kò lágbára ní ibi tí ó ti tẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti ń tètè já. Ọ̀rá tí awọ orí ń sun kì í rọrùn fún láti dé ṣóńṣó irun bẹ́ẹ̀, nítorí náà ṣóńṣó irun máa ń gbẹ. Bí a bá fi irin gbígbóná kan irun gbígbẹ léraléra, ohun tí ó mú irun le yóò bàjẹ́, irun yóò sì máa kán bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Bí irun bá sì tutù tí a fi irin gbígbóná kàn án, omi inú rẹ̀ yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì la irun náà láti inú wá.

Nítorí èyí ni àwọn onídìrí tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi òòyà gbígbóná kan irun tí kò tíì gbẹ tán. Wọ́n a kọ́kọ́ fi òòyà náà kan aṣọ funfun tàbí bébà. Bí aṣọ bá pọ́n, òòyà ti gbóná jù, wọ́n a dúró kí ó rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fà á gba ojú kan, wọn kì í jẹ́ kí ó dé awọ orí, wọn kì í sì í ṣe é lójoojúmọ́. Òróró tí wọ́n ń lò kì í pọ̀ jù, nítorí òróró tí ó gbóná tí ó ṣàn lè jó ọrùn àti etí.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin rí iṣẹ́

Ní ọdún 1908, Madam Walker dá ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú irun sílẹ̀ ní ìlú Pittsburgh, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. Ní ọdún 1910, ó kó lọ sí ìlú Indianapolis, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá síbẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀, tí ń fọ aṣọ, tí ń ká òwú, wá kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàkiri Amẹ́ríkà. Ohun tí alágbàfọ̀ ń rí ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹlòmíràn nínú wọn ń rí i ní ọjọ́ kan. Ní ọdún 1913, Madam Walker rin ìrìn-àjò dé Jàmáíkà, Cuba, Haiti, Costa Rica àti Panama láti tà á níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Àwọn kan, tí àwọn pásítọ̀ wà nínú wọn, sọ pé ẹni tí ń na irun ń tiraka láti dà bí òyìnbó. Ní ọdún 1912, nígbà ìpàdé àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ní Chicago, Booker T. Washington tí ó jẹ́ olórí wọn kò pè é láti sọ̀rọ̀. Madam Walker dìde fúnra rẹ̀ láàárín àwùjọ. Ó sọ bí òun ti kúrò ní oko òwú dé ibi aṣọ fífọ̀, láti ibẹ̀ dé ilé ìdáná, títí òun fi ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Washington pè é láti bá àpéjọ náà sọ̀rọ̀.

Àgbàlagbà tí ó ń kọ́ ìwé

Nígbà tí Sarah wà ní kékeré, ìwé tí ó kọ́ kò ju ti oṣù díẹ̀ lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní St. Louis, ó lọ sí ilé-ìwé alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ aṣọ fífọ̀. Nígbà tí ó di olówó, kò ní owó ti tó, kí ó pa ìwé tì. Ó gba olùkọ́ tí ń kọ́ ọ ní kíkà, ní kíkọ àti ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó gba agbẹjọ́rò kan, Freeman B. Ransom, láti bójú tó òwò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí i láti ojú ọ̀nà, ó ń béèrè iye tí wọ́n tà àti iye tí wọ́n ná.

Owó náà kò wà fún òun nìkan. Ó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn aláìní lọ́wọ́. Ní ọdún 1917, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú nínú rògbòdìyàn ní East St. Louis, ó bá àwọn aṣíwájú mìíràn lọ sí ilé ìjọba ní Washington láti béèrè òfin tí yóò fi òpin sí pípa ènìyàn láìsí ìdájọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, ó pe àwọn obìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ jọ sí Philadelphia. Ó ju 200 tí wọ́n wá. Ẹ̀bùn tí ó fún wọn kì í ṣe fún ẹni tí ó tà jù nìkan, ó fún àwọn tí ó ṣàánú ìlú wọn jù pẹ̀lú.

Ó kọ́ ilé ńlá kan sí Irvington, nítòsí New York. Vertner Tandy, aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ayàwòrán ilé, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n Madam Walker kò pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín ti mú un, kò sì gbà láti sinmi bí àwọn dókítà ti ní kí ó ṣe. Ó kú ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1919. Ọmọ ọdún 51 ni. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta èrè ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àánú.

Agolo ìpara rẹ̀ kọ́ ni ogún tí ó tóbi jù. Ogún náà ni ètò tí ó fi lélẹ̀: kí a fọ orí kí a tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kí awọ orí yá kí a tó ná òòyà síná. Obìnrin tí irun orí rẹ̀ re nítorí àìní omi ni ó fi ètò yìí kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin, ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ti di ìyá ọmọ sì ni ó fi ṣọ́ owó rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú.