Henry Townsend àti Lẹ́tà Òjé ní Abẹ́òkúta

Ìlú Exeter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí Henry Townsend sí ní 1815. Iṣẹ́ ìwàásù ni ó gbé e dé Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1854 ni ó sọ ọ́ di ẹni ìrántí. Ṣáájú èyí, Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń tẹ ìwé Yorùbá. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú bí a ṣe ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí kò gba ìkánjú rárá. Ní oṣù Kejìlá 1859, Ìwé Ìròyìn jáde. Ọ̀rọ̀ ìjọ, ti ọjà àti ti ìṣèlú wà nínú rẹ̀. Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, wọ́n ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì parẹ́. Townsend kú ní 1886.