Leo Fender: Atúnrédíòṣe tí kò mọ gìtá ta, tó sọ gìtá dọ̀tun fáyé

Ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń bàjẹ́ ló mọ bí a ṣe í ṣe é tí kò fi ní tètè bàjẹ́. Bí ọ̀rọ̀ Clarence Leonidas Fender, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Leo Fender, ṣe rí gan-an nìyẹn. Orúkọ ọkùnrin yìí wà lára gìtá tí àwọn olórin ń gbé kọ́rùn káàkiri àgbáyé, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe olórin. Títí tó fi jáde láyé lọ́dún 1991, kò mọ gìtá ta. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ló gbé e dé ibi tó dé, kò sì jẹ́ kí ọgbọ́n iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ òun títí dọjọ́ alẹ́.

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ, ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní agbègbè tó wà láàrin ìlú Anaheim àti Fullerton. Oko ọsàn ni àwọn òbí rẹ̀ ń dá. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kókó kan sọ sí i lójú òsì. Àwọn dókítà yọ ẹyinjú náà, wọ́n sì fi ti onígíláàsì rọ́pò rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló fi ṣe gbogbo ohun tó ṣe láyé. Nígbà tó ń bàlágà, ìbátan rẹ̀ kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe fi páálí kan tó kún fún àlòkù páátì àti bátìrì ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló lọ kí ìbátan rẹ̀ yìí ní ìlú Santa Maria, ó sì bá rédíò kan tí ìyẹn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀, tó ń dún gooro. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rédíò ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ yìí ló lọ kọ́ níléèwé. Ìmọ̀ ìṣirò owó ló kà, kò sì jókòó sí kíláàsì kankan tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa ẹ̀rọ rédíò. Ṣe ló ń tú wọn wò, tó sì ń fi ìyẹn kọ́ ara rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó ní ibi mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀dá owó àti àìríṣẹ́ṣe tó bo Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀ láàrin ọdún 1930 sí 1939 gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà tó bá ṣubú, ẹ̀yìn ní í wò. Lọ́dún 1938, Leo yá ẹgbẹ̀ta dọ́là (600), ó sì fi ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò sí ìlú Fullerton.

Ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni iléèwé rẹ̀. Àwọn olórin ń gbé áńpìlífáyà wá fún un, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn gìtá di ńlá. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn olórin jùjú ilẹ̀ Yorùbá: bí áńpìlífáyà bá dákẹ́ lágbo, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí Leo ti ń tú ẹ̀rọ wọ̀nyí palẹ̀ ló ń rí èyí tó ń jó nínú wọn, wáyà tó ń já, àti ohun tí kò ṣeé dé bí kò ṣe pé kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tó di ọdún 1945, òun àti Doc Kauffman bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá àti áńpìlífáyà tiwọn. Lọ́dún 1946, Kauffman fiṣẹ́ sílẹ̀, Leo sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá tú ẹ̀rọ tó ṣe wò yóò mọ̀ pé atúnnǹkanṣe ló ṣe é. Fáàfù ni áńpìlífáyà ayé ìgbà náà ń lò, ìyẹn ohun onígíláàsì bíi gílóòbù tó máa ń gbóná. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ ọ́ bó bá kú, tí wọ́n á sì ti òmíràn bọ ibẹ̀. Orí pátákó pẹlẹbẹ ni Leo to àwọn páátì yòókù sí, èèyàn sì lè fojú tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tún lẹ ìwé mọ́ inú àpótí rẹ̀ tó ń tọ́ka sí àyè fáàfù kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá. Àwọn tó ń ṣe gìtá láyé ọjọ́un máa ń fi àtè lẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ara ni, ṣùgbọ́n síkúrù mẹ́rin ni Leo fi dè é, kí ó lè rọrùn láti pààrọ̀. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ ló gbé jáde lọ́dún 1950, tí wọ́n sọ ní Telecaster lọ́dún 1951. Ọdún náà ló gbé Precision Bass jáde, Stratocaster sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1954.

Ìlera rẹ̀ kò dára láti ọdún 1955, nígbà tó sì yá, ó rò pé ikú ti dé tán. Nítorí èyí ló ṣe ta ilé-iṣẹ́ náà fún CBS ní oṣù kìíní, ọdún 1965, ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá dọ́là (13,000,000). Àrà tó wà níbẹ̀ ni pé kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí dókítà mìíràn fi rí àìsàn náà wò sàn. Ara ti yá, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó rà á fẹ́ lọ pẹ̀lú ìgbà. Lọ́dún 1966, wọ́n gbé áńpìlífáyà tí kò lo fáàfù rárá jáde, tránsísítọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Tránsísítọ̀ kéré, ó fúyẹ́, kì í sì í fọ́ bíi gíláàsì. Àmọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn olórin, ohùn wọn kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Kò pẹ́ tí ọdún 1970 kọjá tí wọ́n fi pa á tì, ó sì ti kó àbàwọ́n bá orúkọ tí Leo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe.

Ohun tó fa wàhálà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé. Bí tránsísítọ̀ bá ti ń gbóná ni iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ń pọ̀ sí i. Bí iná náà sì ti ń pọ̀ sí i lòun náà túbọ̀ ń gbóná, àfi bí irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ bá tó. Bí ọ̀kan bá jó, ó lè kó bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì ba sípíkà jẹ́ pẹ̀lú. Ìyà rẹ̀ ṣì ń jẹ àwọn tó ń tún ògbólógbòó áńpìlífáyà ṣe lónìí. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣì lè ní iná nínú tó lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àwọn tránsísítọ̀ mìíràn kì í ṣe èyí tí ọjà mọ̀. Nọ́ńbà àdáni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ni. Atúnnǹkanṣe ní láti wá àwòrán wáyà rẹ̀ kàn, kó wo agbára iná tó ń dé ibẹ̀ àti iye ooru tí páátì náà lè gbà, kó tó wá èyí tó bá a mu. Àwọn mìíràn a máa ra òkú ẹ̀rọ irú rẹ̀ kan kí wọ́n lè yọ páátì ara rẹ̀ lò.

Síbẹ̀, Leo kò kórìíra ohun tuntun. Áńpìlífáyà ilé-iṣẹ́ Music Man, tó bá lọ́wọ́ sí láàrin ọdún 1970 sí 1979, lo tránsísítọ̀ níbi tí ohùn gìtá ti ń wọlé, ó sì lo fáàfù níbi tí agbára ńlá ti ń jáde sí sípíkà. Kálukú wà níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Lẹ́yìn èyí ni òun àti George Fullerton, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, dá ilé-iṣẹ́ G&L sílẹ̀. CBS pàápàá ta ilé-iṣẹ́ Fender lọ́dún 1985 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Àìsàn tí ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n kọ lu Leo lọ́jọ́ ogbó, ṣùgbọ́n kò jókòó sílé. Ẹnu iṣẹ́ ló wà títí di ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1991 ló kú, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Lọ́dún 1992, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn olórin ńlá nínú gbọ̀ngàn ọlá orin Rock and Roll, òun tí kò ta gìtá rí.

Ọ̀pọ̀ áńpìlífáyà tó jáde látọwọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì ń dún títí di òní. Kì í ṣe pé wọn kì í bàjẹ́. Ẹni tó ṣe wọ́n ló mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á bàjẹ́, ó sì ti fi ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀ de ẹni tí wọn yóò gbé e wá bá.