Agnes Pockels

Agnes Pockels (ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọdún 1862 – ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ọdún 1935) jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ó gbajúmọ̀ fún ìwádìí tí ó ṣe nínú ilé ìdáná nípa ìpele ọ̀rá tín-ín-rín tí ó máa ń léfòó sójú omi.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀
Ìlú Venice ni wọ́n bí i sí, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Austria, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ológun níbẹ̀. Ní ọdún 1871, àìsàn bàbá yìí mú kí ẹbí náà kó lọ sí Brunswick ní Jámánì. Agnes fẹ́ràn ìmọ̀ físíìsì, ṣùgbọ́n yunifásítì kò tíì gba obìnrin láyè. Ilé ni ó jókòó sí, tí ó ń tọ́jú àwọn òbí rẹ̀. Friedrich, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń kọ́ físíìsì ní Göttingen, ni ó ń bá a wá ìwé.

Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀
Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó ṣe ọpọ́n kan, ó rọ omi kún un, ó sì gbé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ojú omi náà. Bí ó bá ti páànù yìí síwájú, àyè tí ọ̀rá ní á dín kù. Ó ń fi òṣùwọ̀n wo agbára tí ó lè fa àwo kékeré kan kúrò lójú omi. Ó rí i pé bí àyè bá fẹ̀, omi ń ṣe bí ẹni pé kò sí ọ̀rá lójú rẹ̀. Bí àyè bá dín dé ìwọ̀n kan, agbára náà á já wálẹ̀ lójijì.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1891, ó kọ àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lord Rayleigh ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń ṣe irú ìwádìí kan náà. Rayleigh kò sọ iṣẹ́ náà di tirẹ̀. Ó mú kí ìwé ìròyìn Nature tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ Pockels ní oṣù Kẹta. Ní ọdún 1899, Rayleigh ṣàlàyé pé ní ìwọ̀n yẹn, ìpele ọ̀rá náà kò nípọn ju mólékúlù kan ṣoṣo lọ.

Ipa rẹ̀
Irving Langmuir ti Amẹ́ríkà tún irú ọpọ́n náà ṣe, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní ọdún 1932. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Brunswick fún Pockels ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá, nígbà tí ó pé ẹni àádọ́rin ọdún.

Lónìí, àwọn onímọ̀ máa ń jẹ́ kí mólékúlù to ara wọn ní ìpele kan ṣoṣo sórí ẹlẹ́kítíróòdù oníwúrà, kí wọ́n tó so pùrótéènì tí yóò mú èròjà inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn. Wúrà ti rọ́pò omi, ṣùgbọ́n bí mólékúlù ṣe fún mọ́ra tó, èyí tí Pockels fi ọpọ́n rẹ̀ wá, ṣì ni ó ń pinnu bóyá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ dáadáa.